Ṣé kí n ra áńpù gìtá tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́, àbí kí n máa lo èyí tí mo ní?

Olókùn-Mẹ́fà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó tọwọ́ bọ àpò.

Gìtá oníná ni mo ń ta. N kò tíì di ọ̀gá, àmọ́ mo ti kúrò ní ẹni tí kọ́ọ̀dù F ń dá lóró. Onítúùbù, irú èyí tó ń lo gílóòbù onígíláàsì láti gbé ohùn ga, ni áńpù tó wà lọ́wọ́ mi, wáàtì 15, sípíkà oní-íńṣì 12. Ohùn rẹ̀ dùn, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí n kò bá yí i sókè, ohùn náà kì í jí. Tí mo bá sì yí i sókè, gbogbo ilé ti jí nìyẹn. Aago mẹ́jọ alẹ́ lọmọ mi máa ń sùn, ìgbà yẹn gan-an lọwọ́ mi sì máa ń dilẹ̀. Ògiri tó wà láàárín èmi àti aládùúgbò mi kò nípọn rárá, tó bá wúkọ́ pàápàá mo máa ń gbọ́.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn áńpù kékeré ìgbàlódé, smart amp tí gbogbo ayé ń pariwo. Mo wo Spark 40, mo wo Yamaha THR10II, mo tún wo àwọn kéékèèké tó ṣeé jù sínú báàgì. Wọ́n ní àwọn kan nínú wọn lè fi ìlù àti béèsì gbe èèyàn lẹ́sẹ̀, wọ́n lè gbọ́ orin kí wọ́n sì to kọ́ọ̀dù rẹ̀ sójú fóònù, ohùn tó wà nínú áàpù wọn ò sì lóǹkà. Ọ̀gá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní ohun ìṣeré ọmọdé ni, ó ní kí n lọ ra pẹ́dàlì gidi kan, àpótí kékeré tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà. Ẹlòmíì ní ká ní irú ẹ̀ wà nígbà tí òun ń kọ́ gìtá ni, òun ì bá ti jìnnà.

Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ṣé ó máa jẹ́ kí ọwọ́ mi dá ṣáká sí i, àbí fóònù ni mo kàn fẹ́ máa tẹ̀?

Baba Béèsì

Kí n tó sọ nǹkan kan: ṣé ìwọ nìkan lo fẹ́ máa fi ta á nínú yàrá, àbí o fẹ́ gbé e lọ bá onílù? Tó bá jẹ́ ti onílù, má wulẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Sípíkà oní-íńṣì 4 méjì, bíi ti Spark 40, kò lè bá ìlù du àyè.

Iye wáàtì tí wọ́n ń kọ sára nǹkan wọ̀nyí sì máa ń tan èèyàn jẹ. Kí ohùn tó lè dún bí ìlọ́po méjì létí wa, agbára iná tó ń tì í jáde ní láti tó ìlọ́po mẹ́wàá. Wáàtì 40 kò wá ju bí ìlọ́po méjì wáàtì 4 lọ létí, tí sípíkà bá bára mu. Bí sípíkà ṣe tóbi tó àti bí àpótí rẹ̀ ṣe rí ló ń parí ọ̀rọ̀. Kò ní yà mí lẹ́nu tí wáàtì 15 tìrẹ yẹn bá bo wáàtì 40 tiwọn mọ́lẹ̀.

Nítorí èmi onibéèsì: okùn tó nípọn jù lórí gìtá rẹ ń gbọ̀n ní bí hertz 82, tèmi ń gbọ̀n ní 41. Sípíkà kékeré kò lè sọ 41 jáde bó ṣe yẹ, àwọn ohùn tó gorí ẹ̀ nìkan ni wàá máa gbọ́. Fún gìtá nínú yàrá, kò burú.

Olùkọ́ Frẹ́ẹ̀tì

Àbúrò mi, rà á. Àmọ́ má tìtorí áàpù rà á.

Mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní gìtá, irú áńpù yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni ohun tí àwọn tó ń tà á kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ: ó máa ń dùn nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Áńpù onítúùbù tìrẹ ní láti ṣiṣẹ́ dé góńgó kí túùbù tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ohùn náà ní híha tí a fẹ́ràn yẹn (distortion ni wọ́n ń pè é), títí kan sípíkà tó ní láti mi dáadáa. Èyí tó ń lo kọ̀ǹpútà nínú kì í dúró de ìyẹn. Ṣe ló ń ṣírò híha náà kó tó fi ránṣẹ́ sí sípíkà, torí náà bó ṣe ń ha àti bó ṣe ń ròkè ti di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. O lè jẹ́ kó ha bí o bá ṣe fẹ́, kí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri má sì mọ̀ pé o wà nílé.

Ìkejì: sípíkà oní-íńṣì 12 tí wọ́n ṣe fún gìtá kì í fẹ́ gbé ohùn tó tín-ín-rín jáde. Tó bá ti kọjá bíi hertz 5,000, ó ti ń já a sílẹ̀. Ìyẹn dára fún gìtá, àmọ́ tí o bá gba ibẹ̀ gbé orin, á dà bí ìgbà tí akọrin fi aṣọ bo ẹnu. Àwọn kékeré yìí ń gbé orin bó ṣe rí, gìtá rẹ á sì wà láàárín orin náà bí ẹni pé wọ́n jọ gbà á sílẹ̀ ni. Nígbà tí èèyàn bá ń ta tẹ̀ lé orin lóòótọ́ lọwọ́ rẹ̀ ń yá. Tèmi ni mo ń sọ o, àwọn olùkọ́ mìíràn lè ní kó máa ta scale, ohùn tó ń tẹ̀ lé ara wọn gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀, títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Wàyí o, áàpù. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ tó gbọ́n dáadáa ni. Ó jókòó síwájú mi, gìtá wà lórí itan rẹ̀, fóònù wà lórí ìdúró ìwé orin. Ó ta ìlà kan, ó fi àtàǹpàkò ti ojú fóònù sókè, ó mú ohùn mìíràn, ó tún ta ìlà yẹn kan náà, ó tún tì í. Ohùn kan ní reverb, ìyẹn gbohùngbohùn, bí inú ihò àpáta, òmíràn ń ha bí ayùn, òmíràn ń dáhùn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn títí okùn kejì rẹ̀ fi wálẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà, kò sì fura, nítorí gbogbo ohun tó bo ohùn náà kò jẹ́ kó gbọ́ ọ. Mo ní kó pa gbogbo rẹ̀, kó ta ìlà yẹn lásán. Ojú tì í díẹ̀. Okùn méjì ló ń dún tí kò yẹ kó dún.

Nítorí náà, tí o bá rà á: yan ohùn mẹ́ta. Ọ̀kan tó mọ́ láìsí reverb, ọ̀kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha, ọ̀kan tó ń ha dáadáa. Fi wọ́n pamọ́ sórí bọ́tìnì ara áńpù fúnra rẹ̀, kí o sì gbé fóònù sí yàrá kejì. Èyí tó mọ́ yẹn ni kí o máa fi dánra wò jù. Kò ní bò ẹ́ láṣìírí.

Áàpù tó ń to kọ́ọ̀dù orin wúlò tó bá jẹ́ orin tí kọ́ọ̀dù rẹ̀ rọrùn. Níbi tí dùùrù àti fèrè bá ti dà pọ̀, tàbí tí béèsì gbé ohùn mìíràn tó yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀dù, á kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Á kọ C síbi tí etí rẹ máa sọ fún ẹ pé A minor tí wọ́n fi seven kún ni. Ohùn mẹ́ta tó wà nínú C ló kúkú wà nínú ìyẹn náà, ìdí tó fi máa ń ṣi í mú nìyẹn. Máa fi wéra pẹ̀lú etí rẹ.

Màmá Kápò

Ẹ gbọ́, ẹnì kan ò tíì sọ ti ìpè. Tí o bá so fóònù mọ́ áńpù kí orin lè máa gba ibẹ̀ jáde, ìró ìpè náà máa gba ibẹ̀ jáde! Mo ti yí ohùn orin sókè kí n lè gbọ́ béèsì inú rẹ̀ dáadáa, ni àbúrò ọkọ mi bá pè ní alẹ́. Áńpù náà ké bí fèrè ilé iṣẹ́, ológbò wa fò láti orí àga dé abẹ́ tábìlì. Láti ìgbà náà, kí n tó so ó, mo máa ń fi fóònù sípò ọkọ̀ òfuurufú, màá wá tan Bluetooth nìkan padà. Orin tí mo ti gbà sórí fóònù ni mo ń lò, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo gbà pẹ̀lú Olùkọ́. Mo tún fẹ́ràn looper. Ta kọ́ọ̀dù mẹ́rin, kó máa tún un ta, kí o máa ta orí rẹ̀. Tí ọwọ́ rẹ bá máa ń sáré ní kọ́ọ̀dù kẹta, ó máa sọ fún ẹ títí wàá fi gbà.

Olókùn-Mẹ́fà

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Màmá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín.

Mo ní hẹ́dífóònù aláìníwáyà tó dára. Èrò mi ni pé màá so ó mọ́ áńpù náà pẹ̀lú Bluetooth, kí n lè máa ta á láàárín òru láìsí ìdíwọ́. Ṣé ó máa ṣe é?

Olùkọ́ Frẹ́ẹ̀tì

Kò ní ṣe é. Bluetooth tó wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn wà fún gbígba orin wọlé láti orí fóònù, kì í ṣe fún fífi ohùn gìtá ránṣẹ́ jáde. Tó bá tilẹ̀ gbà á, ohùn náà máa pẹ́ kó tó dé etí rẹ.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ẹyọ kan ni mílísẹ́kọ́ńdì. Ohùn ń gba bíi mílísẹ́kọ́ńdì 3 láti rin mítà kan nínú afẹ́fẹ́. Tí o bá jókòó ní mítà méjì sí áńpù, 6 ni, o ò lè mọ̀ ọ́n. Tó bá ń kọjá bíi 10 sí 15, àwọn tí ọwọ́ wọn yá á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé okùn wọn wúwo. Hẹ́dífóònù Bluetooth lásán sábà máa ń kọjá 100, òmíràn ń súnmọ́ 200. Wàyí, tí orin bá ń lọ ní lílù 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, lílù kọ̀ọ̀kan gba 500. Tí o bá ń ta ohùn mẹ́rin nínú lílù kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 125. Ìyẹn ni pé kí o tó gbọ́ ohùn tí o ta, ìka rẹ ti wà lórí ohùn tó kàn, ó sì lè ti kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de etí rẹ, o ò sì fẹ́ kọ́ ọwọ́ rẹ ní ìyẹn.

Nígbà tí o bá ń wo fíìmù, fóònù máa ń dá àwòrán dúró díẹ̀ kó lè bá ohùn mu, ìdí nìyẹn tí o kì í fi í rí i. Kò sí bó ṣe lè dá ìka rẹ dúró.

Hẹ́dífóònù oníwáyà ni kí o lò. Àwọn aláìníwáyà tí wọ́n dìídì ṣe fún gìtá wà, bíi Waza-Air ti Boss, àmọ́ rédíò tirẹ̀ ló ń lò láti ara gìtá dé etí, kì í ṣe Bluetooth.

Yàrá-Ìgbohùnsílẹ̀

Èmi á tako gbogbo yín díẹ̀, ẹ má bínú.

Ẹni tó bá ti ní kọ̀ǹpútà, tó tún ní àpótí kékeré tí wọ́n fi ń gba ohùn wọ inú rẹ̀, kò nílò ohun tí ẹ ń sọ yìí. Gbogbo ohùn náà wà nínú kọ̀ǹpútà, looper wà níbẹ̀, ìlù wà níbẹ̀. Ẹni tí kò sì ní wọn, tó jẹ́ pé alẹ́ nìkan ló ń ta, tó jẹ́ pé hẹ́dífóònù ló máa lò nígbà gbogbo, kí ló fẹ́ fi sípíkà ṣe? Fender Mustang Micro kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹnu ihò gìtá lo máa ki í bọ̀, o ki hẹ́dífóònù bọ òun náà, ó parí. Orin fóònù rẹ ń gba Bluetooth wọ inú rẹ̀. Tí o bá cháàjì rẹ̀ kún, wọ́n ní ó tó wákàtí 6. Bọ́tìnì ló fi ń yan ohùn, o lè lò ó láìfọwọ́ kan fóònù.

Àwọn áńpù yìí tún máa ń bá ìgbà lọ. Mo ra ọ̀kan, mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Fóònù mi gba àtúnṣe tuntun, bí áàpù náà ṣe kọ̀ láti rí áńpù nìyẹn. Wọ́n ṣe òmíràn jáde nígbà tó yá, àmọ́ fún gbogbo àkókò tí mo fi dúró, ohùn tí mo ti tò kalẹ̀ kò ṣeé yí padà. Onítúùbù ti Olókùn-Mẹ́fà yẹn kò mọ ohun tó ń jẹ́ àtúnṣe. Ọmọ ọmọ rẹ̀ lè lò ó.

Olùkọ́ Frẹ́ẹ̀tì

Yàrá, òótọ́ lo sọ nípa áàpù, kò sí bí mo ṣe fẹ́ jà á níyàn. Ìdí gan-an tí mo fi ní kí wọ́n fi ohùn pamọ́ sórí bọ́tìnì ara rẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ ti hẹ́dífóònù nígbà gbogbo, mi ò fara mọ́ ọn. Etí nílò ìsinmi. Gìtá sì yẹ kó máa dún nínú yàrá nígbà mìíràn, kí èèyàn lè gbọ́ bí ọwọ́ òun ṣe wúwo tó. Ti kọ̀ǹpútà, kí èèyàn tó tan án, kó tó ṣí ètò rẹ̀, kó tó wá wáyà, ogún ìṣẹ́jú tó ní láti fi ta gìtá ti ku mẹ́wàá. Áńpù tó jẹ́ pé o tẹ bọ́tìnì kan, ó dún, ni wàá máa lò.

Olókùn-Mẹ́fà, nígbà tí o bá lọ wò ó, gbé gìtá tìrẹ dání. Má jẹ́ kí wọ́n gbé gìtá olówó ńlá fún ẹ, o ò ní mọ èyí tó ń dùn nínú méjèèjì. Kí o tó jẹ́ kí wọ́n tan áàpù kankan, ní kí wọ́n pa fóònù. Kí o wá wò ó bóyá o lè dín híha kù, bóyá o lè fi kún ohùn tó nípọn, bóyá o lè yọ reverb kúrò pátápátá, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ nìkan. Ibi tí Yamaha THR ti wù mí nìyẹn, àwọn ohun tí à ń yí wà lórí rẹ̀ gbọọrọ. Lẹ́yìn náà, yí i wálẹ̀ títí ohùn okùn fúnra rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ju ti sípíkà lọ. Tó bá ṣì dùn níbẹ̀, ó ti yege, nítorí ibẹ̀ lo máa wà láago mẹ́sàn-án alẹ́. Ṣọ́ ariwo kékeré tó máa ń sú *ṣṣṣ* nígbà tí o kò bá ta nǹkan kan. Nínú ilé ìtajà kò jọ nǹkan kan, lóru ó ń báni lórí jẹ.

Ohun kan tún wà tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Ohùn tí o tò nígbà tó wà nílẹ̀ kẹ́lẹ́ máa yí padà tí o bá gbé e sókè, áńpù náà kò sì bàjẹ́. Fletcher àti Munson ti wọn èyí láti 1933: tí ohùn bá wà nílẹ̀, etí wa kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti òkè rẹ̀, àárín ló máa ń gbọ́ jù. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi kún ìsàlẹ̀ ní alẹ́, tí ó á sì máa dún gbọ̀ngbọ̀n lọ́sàn-án nígbà tí a bá gbé e sókè. To ọ̀kan fún alẹ́, to ọ̀kan fún ọ̀sán.

Tí bátìrì bá wà nínú rẹ̀, béèrè bóyá ó ṣeé pààrọ̀. Spark 40 kò ní bátìrì, iná ló ń lò. Spark Mini ní. Katana Mini ti Boss ń lo bátìrì kéékèèké mẹ́fà irú èyí tó wà káàkiri, òun kò sì nílò fóònù rárá. Tó bá jẹ́ pé o kò bìkítà nípa orin àti ìlù tó ń tẹ̀ lé ẹ, ìyẹn gan-an lè tó ẹ.

Baba Béèsì

Má ta onítúùbù yẹn ṣá o. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ bá onílù ta á, wàá wá a.

Olókùn-Mẹ́fà

N kò ní tà á, bàbá.

Mo ti rò ó. Hẹ́dífóònù nìkan kò ní tẹ́ mi lọ́rùn, torí ọmọ mi fẹ́ràn kó máa jó tí mo bá ń ta á lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi. N kò ní kọ̀ǹpútà tó ṣe déédéé, ti ilé iṣẹ́ ni mo ń lò. Áńpù kékeré tó ní ohun tí à ń yí lórí ni mo ń lọ wò, gìtá mi á sì wà léjìká mi. Tí ó bá kùnà lábẹ́ ohùn kẹ́lẹ́, màá ra ti Fender tí Yàrá sọ yẹn, màá sì pa onítúùbù mọ́ fún ọ̀sán.

Ìbéèrè kékeré kan ló kù: hẹ́dífóònù oníwáyà tí mo ní, ẹnu rẹ̀ kéré, irú ti fóònù àtijọ́. Ṣé ó máa wọ̀ ọ́?

Màmá Kápò

Ó dá lórí èyí tí o bá rà. Ihò àwọn kan jẹ́ 3.5 mílímítà, ìyẹn á gba tìrẹ tààrà. Ihò àwọn mìíràn jẹ́ 6.35, bákan náà pẹ̀lú ti wáyà gìtá. Ra ẹnu àfikún tó ń sọ kékeré di ńlá, kí o rí i pé oní-ohùn méjì ni, tó ní òrùka dúdú méjì lára. Tí òrùka bá jẹ́ ẹyọ kan, etí kan ṣoṣo ló máa dún.